BÍ A TI Í DÁÀBÒ BO IRIN ỌKỌ̀ ÀGBẸ̀ LỌ́WỌ́ ÌPÁÀRÀ ÀTI ÒKÚTA OJÚ Ọ̀NÀ

Ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè Òkukù, Ìníṣà àti Ìkìrun

Kò sí àgbẹ̀ gidi tí í fi àdá rẹ̀ sílẹ̀ sínú òjò mọ́jú. Bí a bá ti oko dé, a ó nu àdá, a ó sì fi há àjà. Ọkọ́ pàápàá, a kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ tútù sùn mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù, tí owó rẹ̀ ju ti ẹgbẹ̀rún àdá lọ, a máa ń gbé e dúró sí ìta pẹ̀lú ẹrẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, a ó sì máa wí pé ọkọ̀ náà le. Ọkọ́ àti ọkọ̀, irin ni àwọn méjèèjì. Ohun tí ń jẹ ọ̀kan ní ń jẹ èkejì.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ. Páìpù tín-ín-rín kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ń gbé omi bíréèkì lọ sí ìdí táyà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin ni páìpù náà. Bí ìpáàrà bá jẹ ẹ́ tán, kì í fọ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró sí abẹ́ igi. Ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gidigidi ni í bẹ́, nígbà tí ọkọ̀ kún fún iṣu tí ènìyàn sì jókòó lórí ẹrù, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nítorí náà, ẹ̀mí ni a ń sọ, owó ẹgbẹ́ ni a sì ń sọ pẹ̀lú.

OHUN TÍ ÌPÁÀRÀ JẸ́

Ìpáàrà ni ohun pupa rúsúrúsú tí í bo irin lára nígbà tí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin. Àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé irin náà ti dógùn-ún. Kì í ṣe ìdọ̀tí tí ó ti ìta wá bà lé irin. Irin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń yí padà di ohun mìíràn. Ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ pàdé lára irin kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀: èkíní ni omi, èkejì ni ọ́síjìn, tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, irin kì í dógùn-ún. Lórí òtítọ́ kan yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn inú ìwé yìí dúró lé: iṣẹ́ wa ni láti máa ya omi àti afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irin.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú yín rí i, ẹ ṣe ìdánwò yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ wá ìṣó tuntun mẹ́rin àti ìgò mẹ́rin. Ẹ fi ìṣó kìíní sínú ìgò tí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ fi èkejì sínú omi tí ẹ ti sè hó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì da òróró lé omi náà lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ ọ́. Ẹ fi ẹ̀kẹta sínú omi lásán, láìdé e. Ẹ fi ẹ̀kẹrin sínú omi tí ẹ ti bu iyọ̀ sí, láìdé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ìṣó inú ìgò gbígbẹ yóò máa dán síbẹ̀. Èyí tí ó wà nínú omi sísè lábẹ́ òróró kò ní ní ìpáàrà tí ó tó nǹkan. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni yóò ti pupa, ẹ ó sì rí ohun tí iyọ̀ ń dá sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí ìkòkò alumíníọ̀mù kì í jẹrà bí irin? Alumíníọ̀mù náà ń bá ọ́síjìn pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dà jẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára pinpin, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tún kọjá. Ìpáàrà irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí kànrìnkànrìn: ó ní ihò wẹ́wẹ́, ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń ṣí kúrò ní ìpele-ìpele kí irin tuntun lè tún yọjú fún jíjẹ. Ìpáàrà sì ń gba ààyè ju irin tí ó jẹ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀dà ara ọkọ̀ fi í wú bí ara tí iná jó, kí ó tó bẹ́.

Ẹ wo irin relùwéè tí ó ti Òṣogbo wá, tí ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa fún ìpáàrà, síbẹ̀ ó lè gbé ọkọ̀ ojú irin fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ó nípọn. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ṣe ara ọkọ̀ òde òní kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Ìpáàrà tí relùwéè kò kà sí lè lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ jáde láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn bólẹ́kájà ayé àtijọ́ pàápàá sàn jù lọ́nà kan: pákó ni ara wọn, bí pákó bá jẹrà, káfíńtà a yọ ọ́, a sì fi òmíràn sí i. Ọkọ̀ òde òní kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ Ń MÚ ÌPÁÀRÀ YÁRA LÓKO WA

Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ìpáàrà kì í sáré. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Àwọn ohun mìíràn wà tí àgbẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó sínú ọkọ̀:

Èkíní, ajílẹ̀ òyìnbó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ irú iyọ̀ kan, ó sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí hóró díẹ̀ bá dà sí kọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọkọ̀, yóò yọ́, yóò sì jókòó síbẹ̀ bí omi iyọ̀ inú ìgò kẹrin.

Èkejì, omi gbáàgùúdá. Omi tí ń ro lára ẹ̀gẹ́ bíbó tàbí ẹ̀gẹ́ rírin máa ń kan, ohun kíkan sì ń jẹ irin. Ẹ wo páànù tí a fi ń rin gàrí, ẹ ó mọ̀ pé òtítọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ìgbẹ́ adìẹ. Ó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, ṣùgbọ́n ó tutù, ó ní iyọ̀ nínú, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ irin rárá.

Ẹ̀kẹrin, omi bátìrì. Ásíìdì líle ni. Bí ó bá ń ta jáde, ìrin tí bátìrì jókòó lé ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹrẹ̀ tí ó há sí abẹ́ mọ́gáàdì. Ní òde, ó lè dà bí ẹni pé ó ti gbẹ. Ní inú, ó tutù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ẹrẹ̀ ni aṣọ tútù tí a fi wé ọkọ̀ lára.

ÒKÚTA OJÚ Ọ̀NÀ

Ọ̀dà ara ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Aṣọ irin ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí ojú ọ̀nà oko ni ó ń la ògiri yìí lẹ́nu. Táyà a gbé òkúta, a sì fi gbá abẹ́ mọ́gáàdì, etí ilẹ̀kùn, ọpọ́n epo àti páìpù bíréèkì. Ọkọ̀ tí ó wà níwájú náà ń ta tirẹ̀ sí wa ní iwájú. Ojú ọgbẹ́ lè má tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n omi a gba ibẹ̀ wọlé, ìpáàrà a sì máa rìn lábẹ́ ọ̀dà níbi tí ojú kò tó. Nígbà tí a ó bá rí i, ohun tí ó wà lábẹ́ yóò ti tó àtẹ́lẹwọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè fi dín èyí kù.

Ọ̀nà kìíní ni eré. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí òkúta fi ń gbá irin a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó ń sá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan lórí yangí, ìlọ́po mẹ́rin ìyà tí ẹni tí ń sá ogójì fi jẹ ọkọ̀ rẹ̀ ni ó fi ń jẹ tirẹ̀. Ẹ rọra lórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, kí ẹ sì jìnnà sí ọkọ̀ iwájú.

Ọ̀nà kejì ni rọ́bà ìdí táyà. Ẹ fi rọ́bà tí ó nípọn kọ́ sẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan, kí ó fẹ̀ ju táyà lọ díẹ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò ku nǹkan bí gígùn ọwọ́ ènìyàn kan láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù. Rọ́bà inú ògbólógbòó táyà tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan páìpù èéfín, nítorí iná.

Ọ̀nà kẹta ni láti tún ojú ọgbẹ́ ṣe kíákíá. Àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

ÌWẸ̀ ÀTI GBÍGBẸ

Omi ni ó ń bá irin jà, omi náà ni a sì fi ń wẹ̀ ẹ́. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Omi mímọ́ tí ó kọjá lára ọkọ̀ tí ó sì gbẹ kì í ṣe nǹkan fún un. Ẹrẹ̀, iyọ̀ àti ohun kíkan tí ó dúró síbẹ̀ ni ó léwu.

Ní ìgbà òjò, ẹ wẹ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ẹ fi igi ha ẹrẹ̀ kúrò ní inú mọ́gáàdì, kí ẹ tó da omi sí i. Bí omi bá kan rin ẹrẹ̀ lásán láìṣí i kúrò, a kò ì tíì ṣe nǹkan. Ẹ má ṣe fi irin ha á, kí ẹ má bàa dá ọgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Ọjọ́ tí a bá kó ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tàbí gbáàgùúdá, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbá ilẹ̀ ọkọ̀, kí a sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ẹ kọ́kọ́ gbá ajílẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì dá a padà sí oko, kí omi má baà gbé e lọ sínú odò.

Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ní abẹ́ àtẹ̀gùn ọkọ̀, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ lu ihò kéékèèké sí i kí omi lè ro jáde. Ẹrẹ̀ a máa dí wọn. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni ó ti jẹrà láti inú wá nítorí ihò kan ṣoṣo tí ó dí.

Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró nínú afẹ́fẹ́ kí ó gbẹ. Abà tí ó ní òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ dára ju yàrá tí ó há lọ. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ sórí koríko tútù fún ìgbà pípẹ́, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ ń gòkè lọ sí abẹ́ rẹ̀ lóròòru.

BÍ A TI Í TÚN OJÚ ỌGBẸ́ Ọ̀DÀ ṢE

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọgbẹ́ tí àgbẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lónìí, bí ó bá di ọdún méjì, jórinjórin àti pánẹ́bítà ni yóò gba owó rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn ràn, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, kí ẹ sì tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá.

2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti pépà oníyanrìn ha ìpáàrà kúrò títí irin yóò fi máa dán. Ẹ ha á kọjá etí ọgbẹ́ náà títí ẹ ó fi dé ibi tí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ irin dáadáa. Ìpáàrà tí a bò mọ́lẹ̀ kò kú. Yóò máa jẹun lọ nínú òkùnkùn.

3. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rin sínú tínà díẹ̀ nu ibẹ̀, kí ọ̀rá ọwọ́ àti eruku lè kúrò. Ẹ má ṣe ṣe èyí nítòsí iná, ẹ má sì mu sìgá nídìí rẹ̀.

4. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa tí àwọn akunkọ̀ ń pè ní rẹ́ẹ̀dì-ọ́síáìdì. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ méjì lágbára ju ọ̀dà kíki kan lọ.

5. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ kun ọ̀dà òkè lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ nìkan sílẹ̀ sínú òjò, nítorí omi ń là á kọjá díẹ̀díẹ̀.

Bí ọgbẹ́ bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà tí ọ̀dà kò sí nítòsí, ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ sì fi gírísì díẹ̀ pa á títí ẹ ó fi délé. Ọ̀dà èékánná tí àwọn obìnrin ń lò náà lè bo ọgbẹ́ kékeré fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìwòsàn ojú ọ̀nà ni èyí jẹ́, kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, ẹ ó sì ní láti nu gírísì náà kúrò kí ẹ tó kun ọ̀dà.

Bí ìpáàrà bá ti lu ṣáásì jáde, ẹ má ṣe fi àmọ̀ tí àwọn pánẹ́bítà fi ń dí ihò dí i, kí ẹ sì kun ọ̀dà bò ó. Ṣáásì ni eegun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin tí ó mọ iṣẹ́, kí ó fi irin tuntun rọ́pò èyí tí ó ti jẹrà. Ẹ tú bátìrì kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé a ti gbé ọpọ́n epo jìnnà bí iṣẹ́ náà bá wà nítòsí rẹ̀.

ÌTỌ́JÚ ABẸ́ ỌKỌ̀

Abẹ́ ọkọ̀ ni òkúta àti ẹrẹ̀ ń bá jà jù, ibẹ̀ ni a kì í sì í wò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wẹ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ ha ìpáàrà kúrò, kí ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ sì fi ohun ìbòbẹ́ sí i. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: èyí tí a fi ọ̀dà dúdú irú ti ojú títì ṣe, èyí tí ó ní rọ́bà nínú, àti èyí tí ó dà bí ìda. Èyí tí ó ní rọ́bà nínú ń gba ìgbá òkúta dáadáa. Èyí tí ó dà bí ìda ń wọ kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tètè ṣí kúrò níbi tí òkúta ti ń gbá a. Ọ̀dà dúdú lágbára nígbà tí ó bá wà ní tuntun, ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, a máa sán, omi a sì há sábẹ́ rẹ̀ níbi tí a kò ti lè rí i. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun ìbòbẹ́ kan bíréèkì, páìpù èéfín, rọ́bà, okùn iná, tàbí ihò tí omi ń gbà ro jáde. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi igi tàbí irin ìgbékọ̀ tí ó lágbára tì í lábẹ́, kí ẹ sì fi òkúta ńlá dènà táyà. Jáàkì lè yọ̀ nígbàkígbà.

Àṣà kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ti lò, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ḿ, sí abẹ́ ọkọ̀. Òtítọ́ ni pé ó ń lé omi fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ń fọ̀ ọ́ kúrò, ó ń mú kí rọ́bà wú kí ó sì rà, ó ń ṣe awọ ara ní ibi, èyí tí ó bá sì ro sílẹ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́ títí yóò fi dé Odò Ọ̀tìn, tí ènìyàn àti ẹran ń mu. Epo pupa náà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí bí ó bá pẹ́ a máa kan, a sì máa pe eku àti èèrà. Gírísì ni kí ẹ fi pa orí nọ́ọ̀tì àti ojú irin tí a kò lè kun ní ọ̀dà.

Ní ti bátìrì, bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé tí ó hù sórí rẹ̀, ẹ tú okùn aláìní, èyí tí ó so mọ́ ara ọkọ̀, kúrò ní àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé gbogbo ìdérí rẹ̀ dé pinpin, kí ẹ fi omi eérú tí a ti sẹ́ fọ ìta rẹ̀ àti irin tí ó jókòó lé, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ sì fi gírísì pa á. Omi eérú ń pa agbára ásíìdì; ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ inú bátìrì rárá. Ẹ dáàbò bo ojú àti ọwọ́ yín.

ÌBÙSÙN FÚN ẸRÙ OKO

Ẹ tẹ́ pákó sí ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín pákó àti irin kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń kó ohun tí ó ní omi, ẹ tẹ́ tápólì lé pákó lórí. Ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá já ẹrù, ẹ ká tápólì náà kúrò, kí ẹ sá a. Tápólì tútù tí a fi sílẹ̀ sórí irin burú ju àìní tápólì lọ.

ALÙPÙPÙ, KATAKATA ÀTI Ẹ̀RỌ OÒGÙN

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ńlá lè ní alùpùpù. Ẹ máa wo abẹ́ mọ́gáàdì rẹ̀, ìdí páìpù èéfín, wáyà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ṣéènì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ ṣéènì, kí ẹ nu ún, kí ẹ sì kán ọ́ìlì mímọ́ sí i.

Abẹ ìtúlẹ̀ katakata máa ń dán nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí erùpẹ̀ ń dán an. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni ìpáàrà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gírísì pa ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé pákó lábẹ́ òrùlé. Abẹ tí ojú rẹ̀ dán ń la ilẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Èyí tí ó ti dógùn-ún ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, ó sì ń jẹ epo.

Ní ti oògùn apakoríko tí ó ní glyphosate nínú, ìkìlọ̀ ńlá ni èyí: ẹ kò gbọ́dọ̀ pò ó tàbí kí ẹ fi í pamọ́ sínú agolo irin lásán tàbí páànù onísíńkì. Ó ń bá irin náà jà, ó sì ń tú háídírójìn jáde, afẹ́fẹ́ tí iná lè ràn kí ó sì bú gbàmù. Ike ni kí ẹ lò.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA TÒKUNBỌ̀

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ ń rà ni ó ti òkun bọ̀. Ní apá kan Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, a máa da iyọ̀ sójú títì ní ìgbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà a sì ta omi iyọ̀ náà sí abẹ́ ọkọ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dọọdún. Ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ń dán lè ti jẹrà lábẹ́ kí ó tó kan èbúté. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá: ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Toyota gbà láti parí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà nítorí ìpáàrà ṣáásì àwọn ọkọ̀ Tacoma, Tundra àti Sequoia kan, owó tí a sì díwọ̀n pé ìparí ẹjọ́ náà lè gbà tó nǹkan bí bílíọ̀nù 3.4 dọ́là.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi òru ra ọkọ̀, ẹ má sì ra á nínú òjò. Ẹ mú mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi òòlù kékeré kan ṣáásì: irin tí ó yè a dún gbọnrangandan, èyí tí ó jẹrà a dún bòbò. Ẹ ká rọ́gì ilẹ̀ ọkọ̀ sókè; ẹ wo ibi tí táyà àfipamọ́ wà; ẹ fi ojú tọ páìpù bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí gbogbo abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi í bò.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà ní ọdún 1935 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń dá owó jọ lábẹ́ òfin láti ra ohun tí ẹnìkan kò lè dá rà. Ṣùgbọ́n ohun àjọní kì í rí ìtọ́jú bí a kò bá yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Awakọ̀ yóò rò pé akọ̀wé ni, akọ̀wé yóò rò pé awakọ̀ ni, ìpáàrà ni yóò sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta. Kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò ní ọjọ́ kan pàtó lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé: ọgbẹ́ ọ̀dà, rọ́bà ìdí táyà, ihò ilẹ̀kùn, bátìrì, ṣáásì, àti páìpù bíréèkì. Ẹ máa yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹrù kọ̀ọ̀kan fún ọ̀dà àti gírísì. Ẹ ka ìwé náà sí etí gbogbo ẹgbẹ́ ní ìpàdé, bí ẹ ti ń ka ìṣirò owó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé páìpù bíréèkì ti ní ìpáàrà tí ó jinlẹ̀ tàbí pé ó ń rin, kí ọkọ̀ náà má ṣe kúrò lójú kan títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà, ìbáà jẹ́ pé iṣu ti wà lórí rẹ̀. Iṣu tí ó pẹ́ dé ọjà ṣì jẹ́ iṣu.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ jẹ́ kí á kó ọ̀rọ̀ wa jọ:

1. Ẹ ṣí ẹrẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní ìgbà òjò.
2. Ẹ fọ ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kó ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tàbí gbáàgùúdá.
3. Ẹ kọ́ rọ́bà sí ìdí gbogbo táyà, kí ẹ sì rọra sáré lórí yangí.
4. Ẹ tún ọgbẹ́ ọ̀dà ṣe kí ó tó di egbò.
5. Ẹ tọ́jú abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
6. Ẹ máa wo páìpù bíréèkì lóṣooṣù.

Àwọn baba wa kò ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìtọ́jú irin. Àdá tí wọ́n nù gbẹ tí wọ́n fi há àjà, ọmọ ń jogún rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ wa, yóò gbé ìkórè wa lọ sí ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò sì gbé awakọ̀ wa padà wá sílé ní àlàáfíà.